Àmì Tí Bàbá Kambewa Gbẹ́ Sára Irin

Ìyẹ̀fun ló bo Esinati láti orí dé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí Zakeyo kọ́kọ́ rí i. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló dúdú lára rẹ̀. Ó jáde láti inú ilé ẹ̀rọ, èéfín ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn, ó já gèlè orí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n mọ́ ògiri, ó ní, "Kú, tó o bá fẹ́ kú! Ṣé èmi ni mo bí ẹ ni?"

Zakeyo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni. Àpò irinṣẹ́ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà, ọ́ìlì dúdú sì ti gba aṣọ rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ni Esinati ń bá wí, ṣùgbọ́n Zakeyo rò pé òun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mi ò tíì ṣe nǹkan kan o."

Àwa obìnrin tá a jókòó ti garawa àgbàdo wa bú sẹ́rìn-ín. Esinati ò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ránṣẹ́ pè yín. Ẹ wọlé."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan funfun, ẹnì kan dúdú. Tẹ́nikẹ́ni ní Chia, abúlé wa létí ọ̀sà, bá sọ fún yín pé òun ti rí ìfẹ́ lójú wọn lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ló ń pa. Àgbàdo wa là ń wò.

Tí ẹ̀rọ yẹn ò bá lọ̀, a ó ru àgbàdo dé Boma, ibùjókòó ìjọba ní Nkhotakota, a ó sì máa bọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lórí adágún. Bàbá Kambewa ló ni ẹ̀rọ náà. Ó yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sọ́nà Salima, ó gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tò ó fúnra rẹ̀, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Esinati ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n ìyá ló ni ọ̀rọ̀ lórí ọmọ, ìyẹn tí ìyá bá tiẹ̀ wà láàyè. Ìyá Esinati ti kú. Orúnkún sì ti ń yọ Bàbá lẹ́nu, nítorí náà Esinati ló ń darí ẹ̀rọ.

Zakeyo tú ẹ́ńjìnì náà wò. Ó ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ, orí rẹ̀ ti wọ́, omi sì ti wọnú ọ́ìlì. Ó tú orí náà, tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà, sílẹ̀, ó dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e dé títì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lilongwe kí wọ́n lè bó o kí ó tẹ́jú. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Nígbà tó dé, ó gbé e sórí àpò òfìfo lábẹ́ igi máńgòrò, ó kó fáàfù mẹ́jọ jáde, ìyẹn àwọn irin tó ń dé ihò inú rẹ̀, ó ní kí Esinati wá ràn án lọ́wọ́.

"Èmi? Ẹ̀rọ ni mo mọ̀ ọ́n tàn, mi ò mọ̀ ọ́n tú."

"Ẹ jókòó. Ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀, báyìí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú fáàfù tirẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ojú ihò rẹ̀ pẹ̀lú àpòpọ̀ dúdú kan tó rí bí èérí ìkòkò. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni. Kò sí iṣẹ́ tó súni tó o, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn méjì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Esinati gbọ́ pé òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n ti bí Zakeyo, pé ẹlẹ́ja ni gbogbo ilé wọn, pé òórùn ẹja ló lé e wọ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

"Ẹ sá fún òórùn ẹja, ẹ wá gba ti dísẹ́lì?"

"Ti dísẹ́lì ń jẹ́ kí ológbò fi èèyàn sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì yí padà pátápátá. Zakeyo yára wo fáàfù ọwọ́ rẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?" Esinati béèrè.

"Ẹ da kẹrosíìnì lé e. Tí kò bá jò sísàlẹ̀, ó ti jókòó dáadáa."

Ó dà á. Ó dúró. Kò jò. Zakeyo náà da tirẹ̀. Esinati ti ń mú fáàfù mìíràn, kò tiẹ̀ wò ó mọ́, ló bá gbọ́ tí Zakeyo ní, "Tèmi ń jò o."

"Kí lẹ wí?"

"Tiyín dáa. Tèmi ń jò. Mo máa tún un lọ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni Esinati ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti rí ọkùnrin tó ń fọ́nnu, òun ti rí èyí tó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí èyí tí ẹnikẹ́ni ò wò tó sì sọ pé tòun ń jò.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ orí ẹ́ńjìnì náà pẹ́ kó tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni Zakeyo ń wá wò ó bóyá ó ti dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ òun náà ni yóò ti wá. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi í bóyá ó ní ẹnì kan.

"Mo ní ẹ́ńjìnì," ni Esinati wí. "Òun náà kì í dáhùn tí mo bá pè é."

"Èmi máa ń dáhùn."

"Ta ló pè ẹ́?"

"Màá dúró dìgbà tó o bá pè mí."

"Zakeyo," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán orúkọ náà wò.

"Esi mi. Mo ti dé."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Zakeyo rán ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sí Bàbá Kambewa. Bàbá Sandireki ni, ẹja yíyan ló ń tà, òun sì ni nkhoswe rẹ̀, ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un lọ́rọ̀ ìyàwó. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n sì mú ọjọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá jí ni wọn yóò ṣe chinkhoswe, ayẹyẹ tó ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, tí wọn yóò gba àkùkọ àti àgbébọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, tí ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Bàbá Kambewa ní ìyẹ̀fun ẹ̀rọ ẹlòmíràn ò ní wọ ìkòkò òkèlè nsima òun lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu Zakeyo di pípadé. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn: ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kì í bá ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó jiyàn. Wọ́n lè pàṣẹ fún un, á kúnlẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nkhoswe rẹ̀ ni yóò gbé e lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti dé, orí ẹ́ńjìnì ti padà sáyè rẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì ti le. Ó ku táímìnì. Àgbá irin eléyín mẹ́ta ló wà níwájú ẹ́ńjìnì náà. Ti ìsàlẹ̀ ń gbé písítìn gòkè, ti òkè ń ṣí fáàfù, ó sì ń tì í, ìkẹta ń yí pọ́ǹpù dísẹ́lì. Bẹ́líìtì eléyín kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Tí ọ̀kan bá kẹ́yìn sí àwọn yòókù, písítìn á gòkè wá bá fáàfù tí kò tíì kúrò lọ́nà, wọn á sì gbá ara wọn.

Zakeyo ń fi kẹrosíìnì nu àgbá òkè nígbà tó rí ojú àmì kékeré kan tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì fi síbẹ̀, ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún ti bò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eyín kan péré sí i, àmì mìíràn wà, tó jinlẹ̀, tó tóbi tó èékánná. Ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Bàbá Kambewa fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ dé, ó jókòó sórí àga. "Àmì mi nìyẹn," ó ní. "Ibẹ̀ ni kó o fi sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́."

Zakeyo la ẹnu. Ó mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá ni ẹ́ńjìnì náà ti ń fi eyín kan kẹ́yìn, pé àyè tó wà láàárín písítìn àti fáàfù ló ń gbà á là. Wọ́n sì ti bó orí rẹ̀ ní Lilongwe. Àyè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí bẹ́líìtì bá fi lè fà díẹ̀ lọ́jọ́ kan, fáàfù mẹ́jọ tí òun àti Esinati jókòó lọ̀ yóò tẹ̀.

Ó pa ẹnu dé. Ó kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì náà lẹ́ẹ̀mejì gbáko pẹ̀lú sípánà, bí gbogbo mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ṣe máa ń ṣe kó tó tan án. Kò há. Wọ́n tan án, ó jí pẹ̀lú èéfín dúdú, a hó yèè. Esinati gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin náà bó ṣe máa ń ṣe, ó yíjú sí i.

"Ṣé bó o ṣe fẹ́ ló rí?"

Zakeyo wo Bàbá Kambewa lórí àga. "Ó dáa," ó ní. "Kò sí ìṣòro kankan."

Esinati wò ó pẹ́ díẹ̀, ó sì lọ gbé àpò àgbàdo.

Nígbà tí Zakeyo dé lọ́sàn-án Jímọ̀, ó bá ẹ̀rọ ní pípa, àgbàdo chinkhoswe sì wà lódidi nínú àpò. Esinati jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ra.

"Kí ló dé tó o pa á?"

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí Bàbá gbé e síbí. Ó máa ń tiro látijọ́. O tú u palẹ̀, o tún un tò, ó ṣì ń tiro. Kí lo rí tó ò sọ?"

Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, àmì kékeré, àmì ńlá, eyín kan. Nígbà tó parí, Esinati dìde.

"O mọ̀. O wá wo ojú mi, o ní kò sí ìṣòro kankan."

"Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún Bàbá pé àmì wọn ò dáa, nígbà tí wọn ò tíì gba adìyẹ wa?"

"Mi ò bi ẹ́ nípa Bàbá. Èmi ni mo bi ẹ́ léèrè, Zakeyo."

Zakeyo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Ọkùnrin tó sọ fún mi pé tòun ń jò ni mo fẹ́," ni Esinati wí. "Mi ò mọ èyí. Tó bá jẹ́ pé ìwọ yìí náà ló ń bọ̀ lọ́la, kó o gbé àkùkọ yín padà sílé. Mi ò ṣe mọ́."

Ó wọlé lọ. Zakeyo dúró nínú oòrùn. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kì í sọ ohun tí kò ní í ṣe. Ó gun kẹ̀kẹ́ yí ọ̀sà ká lọ bá Bàbá Sandireki nídìí ẹja.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé táímìnì ẹ́ńjìnì wọn fi eyín kan kẹ́yìn."

"Tái kí ni?"

Zakeyo kọ́ ọ títí. Bàbá Sandireki tò ó lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ẹja mẹ́ta lórí tábìlì, ó ní eléyìí ni ti òkè, eléyìí ni ti ìsàlẹ̀. Ní ìparí ó jẹ́wọ́ pé òun ò lóye ohunkóhun, ṣùgbọ́n òun á sọ ọ́.

Sátidé, ọwọ́ àárọ̀. Ìyẹ̀fun tí a fi ọwọ́ gún nínú odó la fi se nsima, apá ń ro gbogbo wa. Esinati jókòó sórí ẹní, ó dorí kodò bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Ó jáde wá nítorí pé kò fẹ́ dójú ti ìdílé rẹ̀ kí àlejò tó jókòó, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi pé tí wọ́n bá na adìyẹ sókè, òun yóò dìde. Zakeyo wà lódìkejì nínú kóòtù tó yá. Bàbá Sandireki dìde pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ apá.

"Kí n tó na àkùkọ yìí, ọmọ wa ní iṣẹ́ kan tó rán mi. Ó ní... ó ní kí n sọ fún yín pé eyín kan ti kẹ́yìn."

"Eyín ta ni?" Bàbá Kambewa béèrè.

"Eyín àgbá òkè. Nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹja lèmi ń tà."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Kambewa ò rẹ́rìn-ín. "Bi í léèrè, ta ló fi àmì náà síbẹ̀?"

Zakeyo ò jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́. Bàbá Sandireki gbé àkùkọ sábẹ́ apá kejì.

"Ó ní... ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

Àkùkọ ké. Esinati gbé ojú sókè, ó sì wo Zakeyo.

"Sọ fún un pé ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́," ni Bàbá Kambewa wí.

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ sétí ara wọn. "Ó ní lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fá orí fún un ní Lilongwe, àyè tó ń forí jì í tẹ́lẹ̀ ti tán."

Ẹ̀rín tún bẹ́ sílẹ̀. Fá orí fún ẹ́ńjìnì! Bàbá Kambewa nìkan ló yé. Ó ti na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. Ó dìde, ó kọrí sí ilé ẹ̀rọ, gbogbo wa sì tò tẹ̀ lé e nínú aṣọ ìjáde wa, àti àkùkọ náà.

Ó gba àkísà, ó gba kẹrosíìnì. Ó ṣí ìdérí iwájú, ó tẹ orúnkún tó ń dùn ún sílẹ̀, ó nu àgbá òkè náà títí irin fi ń dán. Ó rí ojú àmì kékeré náà. Ó fi èékánná kàn án.

"Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnì yìí ò fẹ́ràn àárọ̀, ló ṣe ń pẹ́ kó tó jí," ó ní. "Ọdún mọ́kànlá." Ojú tì í, a sì rí i pé ojú tì í. A wo ẹsẹ̀ wa.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Sandireki, sọ fún ọmọ rẹ kó tú u."

Zakeyo bọ́ kóòtù tó yá náà. Ó dẹ bẹ́líìtì. Bàbá Kambewa fi ọwọ́ méjèèjì di àgbá òkè mú kó má baà yí, Zakeyo sì gbé eyín bẹ́líìtì kan síwájú, ó dì í padà. Òun ló fi sípánà yí i, Bàbá ló ń kà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Àmì orí àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá síbi tí wọ́n ti kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀. Wọ́n tan án.

Mi ò mọ ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó jí ní ìgbà àkọ́kọ́, èéfín rẹ̀ ò tó nǹkan, ohùn rẹ̀ ò sì tiro mọ́. Ìyá kan sáré lọ gbé àgbàdo.

Bàbá Kambewa ní kí wọ́n pa á fún un díẹ̀. Ó béèrè ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó gbé ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì náà lé ojú àmì kékeré náà, ó dì í mú, ó sì na òòlù sí Zakeyo.

"Ìwọ. Gbá a."

Bàbá Sandireki ti la ẹnu láti jíṣẹ́ náà, ó rí i pé wọn ò rán òun, ó sì pa á dé. Zakeyo gbá a lẹ́ẹ̀kan.

"Kí n fá ti àtijọ́ kúrò, Bàbá?" ó béèrè, ó sì gbàgbé pé òun ò gbọ́dọ̀ béèrè.

"Fi í sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ yín máa rí i."

Nínú ilé ẹ̀rọ yẹn náà ni wọ́n ti gba àkùkọ àti àgbébọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, nítorí kò sẹ́ni tó rántí padà sórí ẹní. Esinati ò sì dìde lọ mọ́. Ó dúró ti ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti tún tan, ìyẹ̀fun ti ń bà lé aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe fẹ́ ló rí?"

Zakeyo wo ẹ́ńjìnì náà yí ká. Ó wo Bàbá Kambewa tó ń gbọ́ wọn, ó wo gbogbo àwa àlejò, lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ó ń jò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Èmi ni mi ò fún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ dáadáa."

Esinati rẹ́rìn-ín, omijé sì ń fa ìlà dúdú sínú ìyẹ̀fun ojú rẹ̀. Ó fi apá rẹ̀ kọ́ apá Zakeyo.

"Olówó orí mi," ó ní, "ọjọ́ Ajé la máa dì í."